Oògùn Àárọ̀ Màmá

Lọ́jọ́ tí Màmá mú bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan, tó jù ú sínú ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi tíì, tó sì fi ìdérí dé e, ni Aránṣọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí èèyàn lè fi ẹ̀rín bò. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀rín ló ń fi bò ó. Bí Màmá bá fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè é, á ní, "Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo jọ wọ́n." Bí ó bá bá Màmá létí ibùsùn, tó ń làágùn bí ẹni tó sáré dé, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, á ní ooru ni, á lọ ṣí fèrèsé. Ṣùgbọ́n bàtà nínú ìkòkò! Ó yọ bàtà náà, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìkòkò náà, ó ń fọ̀ ọ́ ṣáá.

"Ta ló fi bàtà síbẹ̀?" Màmá bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ náà ti ń darúgbó nìyẹn," ni Màmá wí, ó sì padà lọ jókòó.

Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà kan náà pẹ̀lú ilé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, níbi tí Màmá ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń rán jù, kò sì sí ìyá ọlọ́mọ kan ládùúgbò tí kò tíì bá a jà nítorí kọ́là. Láràárọ̀, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, á kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Màmá. Màmá ní ìtọ̀ ṣúgà, nítorí náà oògùn rẹ̀ ni Aránṣọ kọ́kọ́ máa ń fún un, lẹ́yìn náà á wẹ̀ ẹ́, á fi ìpara pa á lára, á wọ̀ ọ́ láṣọ, kó tó wá gbé búrẹ́dì àti ẹyin síwájú rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kí oúnjẹ náà tó dé, torí Màmá kì í fẹ́ kí wọ́n kánjú wẹ òun bí ẹni tó ń fọ àwo.

Àárọ̀ yìí gan-an ni wàhálà. Tó bá ti di ọ̀sán, tí Màmá ti jẹun, ojú rẹ̀ á walẹ̀, á máa ṣàwàdà, á máa béèrè ẹni tó bímọ àti ẹni tó kó kúrò ládùúgbò. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá tún mọ́, á di ẹlòmíì. Aránṣọ á máa wò ó bí ó ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí iná àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè fi dá a dúró.

Ilé náà fúnra rẹ̀ kò sì rọrùn. Akọ̀wé, àbúrò rẹ̀, kò ní ìṣòro. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, torí kó tó mọ̀wé kà ló ti ń fi bíírò há ẹ̀yìn etí, ìgbà tó sì dàgbà, ó kúkú lọ di akọ̀wé lóòótọ́ ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó omi ẹ̀rọ. Ìyàwó rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, ìdájí ló ń jáde, ó sì máa ń padà dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun nínú irun. Aránṣọ àti Ìyàwó kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọn kì í jà o. Ìjà ì bá sàn.

Ọjọ́ tí Màmá ṣubú ní balùwẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Aránṣọ gbọ́ tí ilẹ̀kùn iwájú dún, ó mọ̀ pé Ìyàwó ti dé, ló bá gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Ìyàwó ti dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rí báàgì Aránṣọ lórí àga, ó rò pé Àǹtí, bó ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ṣì wà lọ́dọ̀ Màmá, ló bá wọ yàrá tirẹ̀ lọ sùn. Màmá wà lórí ilẹ̀ tútù nígbà tí ọ̀kan ń ránṣọ, tí èkejì ń hanrun. Kò pariwo. Akọ̀wé ló dé bá a níbẹ̀, tó jókòó, tó na ẹsẹ̀, tó ń sọ pé kò sí nǹkan kan.

Ohun tí àwọn obìnrin méjèèjì sọ síra wọn lẹ́yìn náà kò ṣeé sọ tán. Aránṣọ ní ó yé òun pé èèyàn lè sùn fọnfọn nígbà tó jẹ́ pé ìyá ẹlòmíì ló wà nílẹ̀. Ìyàwó ní ẹni tó ní ìyá, ṣé kì í ṣe òun ló yẹ kó dúró tì í, àbí àwọn kọ́là tó ń rán ni wọ́n bí i? Láti ìgbà náà, Màmá ni wọ́n sọ di alágbàsọ. Wọ́n lè jọ wà nínú yàrá kan náà, kí Aránṣọ ní, "Màmá, ẹ bá mi sọ fún ìyàwó yín pé aṣọ tó sá síta ti gbẹ." Ìyàwó, tí kò ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, á ní, "Màmá, ẹ sọ fún Àǹtí pé mo ti rí i." Màmá á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sì jíṣẹ́ tí gbogbo wọn ti gbọ́.

Kò sí ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tún tọ́ sí bí kò ṣe Màmá. Nígbà tó lágbára, òun ló ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ṣíbí ńlá ọwọ́ rẹ̀ kì í sì yẹ̀: ọmọ olórí ilé ẹ̀kọ́ kò rí ju ọmọ ẹni tó ń gbálẹ̀ lọ. Nínú ilé pàápàá, kò sí ọmọ tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni Màmá fẹ́ràn jù. Aránṣọ gbìyànjú láti mọ̀ ọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sú u.

Láti ọjọ́ balùwẹ̀ náà ni Aránṣọ sì ti kó oògùn ṣúgà tí ilé ìwòsàn ń fún wọn kúrò lórí tábìlì Màmá, tó ń gbé e káàkiri nínú báàgì rẹ̀. Kò fẹ́ kí oògùn ìyá rẹ̀ wà níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gbàgbé rẹ̀.

Ó ti gbé ọ̀rọ̀ Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dojú tì í. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lọ, ilé ìwòsàn á ní kí Màmá má fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀, ìbáà ṣe oúnjẹ, ìbáà ṣe oògùn, kí wọ́n lè rí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Tí wọ́n bá sì débẹ̀, Màmá á jókòó bí ayaba, á dá dókítà lóhùn lórí gbogbo ohun tó bá bi í, á tún béèrè pé ṣé ó ti gbéyàwó. Ṣúgà rẹ̀ á wà bó ṣe yẹ. Dókítà á wo Aránṣọ bí ẹni tó ń pa irọ́ mọ́ ìyá rẹ̀.

"Níwájú dókítà nìkan ni iyè wọn ń sọjí," ni Akọ̀wé máa ń sọ, "tí a bá padà délé, ó parí."

Ọ̀sẹ̀ tí bàtà wọ ìkòkò ni Akọ̀wé wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró sáàárín àwọn ṣòkòtò kékeré tí wọ́n gbé kọ́, kò jókòó.

"Àǹtí mi, mo ti bá àwọn ilé ìtọ́jú àwọn àgbà sọ̀rọ̀."

Ẹsẹ̀ Aránṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Àgbà wo?"

"Ẹ ṣe sùúrù. Obìnrin kan ló ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó kàn fẹ́ wo Màmá, kó bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀. Tó bá rí i pé wọn ò lè dá wà mọ́, àyè kan ṣí sílẹ̀ níbẹ̀."

"Ṣé Màmá ò bímọ ni? Ṣé orí òpópónà ni wọ́n ti ṣà wá? Akọ̀wé, ìyá tó jẹ́ pé tirẹ̀ ló máa ń bù kẹ́yìn nínú ìkòkò, ìwọ fẹ́ lọ kó fún àwọn àjèjì?"

"Gáàsì wà nínú ilé," ni Akọ̀wé sọ, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Lánàá, mo bá a tó ṣí sílẹ̀ láìjó. Ilé ti ń rùn. Ẹ bá mi wò ó, Àǹtí mi. Mi ò kì í sùn mọ́."

Aránṣọ fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó ti rù. Ìgbà tó lọ tán ló rí i pé òun ti rán apá ọ̀tún aṣọ kan mọ́ òsì. Ó tú u. Ó tún un rán, ó tún gbé e síbi kan náà. Ẹ̀rù mìíràn tún wá gbá a mú: ṣé bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn? Ṣé ó ń ti ara ìyá wọ ara ọmọ?

 Gbogbo ọjọ́ tó ṣẹ́kù kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, ó ń gbàdúrà pé kí obìnrin náà wá ní ọ̀sán, nígbà tí ojú Màmá ti máa ń walẹ̀. Akọ̀wé ní àárọ̀ ni wọ́n dá. Aránṣọ ní kí wọ́n sún un síwájú, Akọ̀wé ní àárọ̀ náà ni àìsàn wà, kí ni wọ́n fẹ́ fi pamọ́? 

Ní Ọjọ́bọ̀, ó dé ilé náà ní kùtùkùtù pẹ̀lú aṣọ tuntun tó rán fún Màmá, aláwọ̀ ewé, tó ní àpò méjì níwájú. Ìyàwó ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Ife tíì kan tó ti tutù wà lórí tábìlì. Aránṣọ yọ oògùn jáde, ó bu omi.

"Màmá, ẹ gba oògùn yín."

Màmá wo oògùn náà. Ó wo ojú Aránṣọ, ó wò ó pẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́ kó tó sá aṣọ. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu, ó gbé e mì.

"Ẹ káre, Màmá." Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́, ó sì ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ bí ó ṣe ń wẹ̀ ẹ́. "Tí obìnrin náà bá dé, ó máa béèrè ọjọ́ tí òní jẹ́. Kí lẹ máa sọ?"

"N ó bi í pé ṣé kò ní kàlẹ́ńdà nílé wọn ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọjọ́bọ̀ ni. Ṣé ìdánwò ni mo fẹ́ ṣe ni? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ ò kọ́ mi. Ìgbà tí mo ti darúgbó tán ni ẹ wá ń kọ́ mi."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀. Bóyá ọjọ́ yìí á dára. Ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ tuntun, ó so bọ́tìnnì rẹ̀. "Ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Méjì tó wà láyé."

"Kí lorúkọ òpópónà wa?"

 Màmá ń wo bọ́tìnnì náà.

"Màmá? Òpópónà wa."

"Ta ni… ṣé wọ́n ti lu aago oúnjẹ?" ni Màmá béèrè. "Àwọn ọmọ ti tò sílẹ̀."

Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ètè òkè, ó sì ń ṣàn lọ sí ọrùn aṣọ tuntun náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ṣíbí kan tí kò sí nínú afẹ́fẹ́, ó ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ti ní ọmọ tiwọn báyìí. Aránṣọ mú ọwọ́ náà, ó tutù.  Kì í ṣe òní! Ó ń bẹ̀ ẹ́, kò mọ̀ pé ohun tó ń rò lọ́kàn ti ń jáde lẹ́nu òun: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe òní, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, ẹ máà jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ."

Ilẹ̀kùn iwájú dún. Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀. Aránṣọ fi ara bo Màmá bí ẹni tó fẹ́ fi í pamọ́, ṣùgbọ́n Ìyàwó ló wọlé, pẹ̀lú fìlà funfun ilé búrẹ́dì lórí. Akọ̀wé ti ní kó tọrọ àyè kó lè wà níbẹ̀ tí àlejò bá dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Màmá, ojú rẹ̀ yí padà. Ó wá rí páálí oògùn lórí tábìlì.

"Màmá," ló sọ, torí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, "ẹ bá mi bi Àǹtí pé oògùn ta ni yẹn."

"Màmá, ẹ sọ fún ìyàwó yín pé oògùn yín ni, tí ilé ìwòsàn fún wa, tí mò ń fún yín láràárọ̀."

Màmá kò jíṣẹ́ kankan. Ó ń bu oúnjẹ.

Báàgì Ìyàwó bọ́ sílẹ̀. "Láràárọ̀ wo?" Aránṣọ ni ó kọjú sí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láti ọjọ́ balùwẹ̀. "Àǹtí, láràárọ̀ wo? Èmi ni mò ń fún wọn láràárọ̀ kí n tó jáde! Ọkọ mi ló ní kí n máa rí i pé wọ́n lò ó. Ẹ ti kó ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo lọ ra òmíràn."

"O fún wọn lónìí?"

"Mo fún wọn lónìí! Pẹ̀lú tíì tí kò ní ṣúgà!"

Wọ́n wo ara wọn.  Gbogbo òógùn yẹn, gbogbo ìgbọ̀nrìrì yẹn, orúkọ òkú tí wọ́n ń pe alààyè, bàtà inú ìkòkò. Gbogbo rẹ̀ pátá ti ọwọ́ àwọn méjèèjì wá: oògùn ẹ̀ẹ̀mejì láràárọ̀, láìtíì jẹun, tó ń fa ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Ní ọjọ́ ilé ìwòsàn nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í fún un.

"Ṣúgà!" ni Aránṣọ kígbe. "Ìyàwó, ṣúgà dà?"

Ìyàwó ti dé ilé ìdáná kó tó parí ọ̀rọ̀. Aránṣọ tẹ nọ́ńbà ilé ìwòsàn, ìka rẹ̀ ń tẹ ibi tí kò yẹ, ó tún un tẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbé e gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò bú u. Ìyẹn tilẹ̀ dun Aránṣọ ju èébú lọ.

"Ṣé wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì?"

"Wọ́n lè gbé e mì."

"Ẹ fún wọn ní omi ṣúgà báyìí, díẹ̀díẹ̀. Tí ojú wọn bá ti ń walẹ̀, ẹ fún wọn lóúnjẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn o. Tí kò bá sì walẹ̀, ẹ má ro ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé wọn máa bọ̀. Kódà tó bá walẹ̀, kí a ṣì rí wọn lónìí, torí oògùn yẹn máa ń pẹ́ lára."

Ìyàwó di orí Màmá mú, Aránṣọ gbé ife sí i lẹ́nu. Èyí àkọ́kọ́ ṣàn gba àgbọ̀n bọ́ sílẹ̀. "Ẹ mu ún, Màmá, ẹ mu ún." Ó mu ún. Ó tún mu ún. Wọ́n ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ ojú omi tó ti jìnnà, tí wọn ò mọ̀ bóyá ó ń lọ tàbí ó ń bọ̀. Ojú náà kò yí padà. Aránṣọ ro ó pé bí ìyá òun bá lọ báyìí, òun ni òun pa á, òun àti obìnrin tó ní ìyẹ̀fun lórí yìí, àwọn méjèèjì, pẹ̀lú ìfẹ́. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń sunkún, Ìyàwó ni.

"Kí ló dé tí o fi ń da omi sí mi láṣọ?" ni Màmá wí.

Aránṣọ gbé ife náà sórí tábìlì.

"Aṣọ tuntun. Ẹ̀yin méjèèjì." Ó fọwọ́ nu àgbọ̀n. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Kí ló dé tí ẹ dì mọ́ mi báyìí? Ta ló kú?"

Búrẹ́dì ni wọ́n fi ń bọ́ ọ nígbà tí Akọ̀wé dé pẹ̀lú obìnrin ilé ìtọ́jú náà. Obìnrin oníwà jẹ́jẹ́ ni, bàtà rẹ̀ pẹlẹbẹ, kò dún nílẹ̀. Akọ̀wé fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin méjèèjì jọ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, tó fi jẹ́ pé ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ ya Akọ̀wé lẹ́nu kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí.

Obìnrin náà jókòó ti Màmá. Ó bi í lọ́jọ́, Màmá sọ ọ́. Ó bi í ní òpópónà, Màmá dárúkọ rẹ̀, ó tún sọ orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó bi í pé kí ló máa ṣe tó bá rí èéfín nínú ilé ìdáná.

"N ó bi ẹni tó ń se oúnjẹ pé kí ló dé. Tí kò bá sí ẹni tó ń se oúnjẹ, n ó sá jáde. Kí lẹ̀yin máa ṣe?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní kí wọ́n má ṣe fi ilé ìwòsàn falẹ̀ lónìí, àmọ́ ní ti ohun tí wọ́n pe òun fún, kò rí nǹkan kan. Ọpọlọ Màmá pé ṣánṣán. Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ayọ̀ náà gbà á lọ́kàn débi pé ó di ọwọ́ Ìyàwó mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Akọ̀wé ni kò tíì lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. "Màmá, gbogbo ọjọ́ yìí, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ìyàwó mi ti fún yín kí Àǹtí tó dé?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ṣé mo ya wèrè ni? Mo mọ̀. Mi ò ṣáà mọ̀ pé òun ló ń kó òógùn bá mi. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni." Màmá tún aṣọ rẹ̀ ṣe lórí orúnkún. "Tí n bá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ìyàwó ti fún mi, á ní mo gba tìyàwó. Tí n bá sọ fún ìyàwó pé kó fi í sílẹ̀ de Àǹtí rẹ̀, á ní mo kọ ọwọ́ òun. Ọjọ́ kan mo fi ọ̀kan pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ìyàwó rí i nígbà tó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ó sunkún. Kí ni oògùn kan? Mo ń gbé e mì."

 Obìnrin ilé ìtọ́jú ti mú báàgì rẹ̀, ó fẹ́ rọra jáde.

"Ẹ má tíì lọ," ni Màmá wí fún un. "Àyè tí ọmọ mi ní ó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, mo fẹ́ ẹ."

"Màmá!" Aránṣọ rò pé ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ iwájú orí rẹ̀ wò, kò sí òógùn. "Màmá, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe yín. Ẹ ò ní lọ síbì kankan. A ò ní jà mọ́, èmi àti ìyàwó, ẹ wò wá."

"Ẹ máa jà. Ẹnu yín ni." Kò bínú, ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tó máa ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣú. "Ó ti rẹ̀ mí ni. Láràárọ̀, mo gbọ́dọ̀ wo ojú yín kí n tó mọ ohun tí n ó sọ. Ṣé èyí á dùn ún? Ṣé tọ̀hún á gbọ́? Níbẹ̀, àjèjì ló máa gbé oògùn wá. Tí mi ò bá fẹ́, n ó ní mi ò fẹ́. Kò ní sunkún sí mi lára, torí kì í ṣe èmi ni mo bí i."

"Ẹ lè sọ ọ́ fún èmi náà!" Aránṣọ ti kúnlẹ̀ láì mọ̀. "Màmá, ẹ lè ní ẹ ò fẹ́. Kí ló máa ṣe mí?" Ó mú ife omi ṣúgà tó kù lórí tábìlì, ó nà án sí i. Ó mọ̀ pé Màmá ti yó. Àwọn méjèèjì ti rọ ọ́ yó bámúbámú. "Ẹ sọ ọ́ báyìí. Ẹ ní rárá. Ẹ ní ìyàwó ti fún mi. Ẹ kàn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kí gbogbo wa gbọ́."

Màmá wo ife náà. Ó wo ojú Aránṣọ. Aránṣọ gbìyànjú gidigidi pé kí ojú òun má ṣe béèrè ohunkóhun, ṣùgbọ́n omijé ti kún un. Ẹnu Màmá là díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan fẹ́ jáde níbẹ̀. Kò jáde. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba ife náà, ó sì mu ún títí ó fi tán.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni ó wí. "Ó dùn."

Aránṣọ gba ife náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí obìnrin náà, ó bi í pé ta ló máa ń fún àwọn àgbà ní oògùn àárọ̀ níbẹ̀, ṣé ẹni tó ní sùúrù ni.